Orógbó Lórí Hááfù Pulọ́ọ̀tì

Ní Magboro, bí èèyàn bá ra ilẹ̀ tán, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ náà ni pé wọ́n á ṣán an. Kátápílà á dé, tàbí kí ọmọkùnrin mẹ́rin dé pẹ̀lú àdá àti ẹ̀rọ ìgégi, gbogbo ohun tó ní ewé lórí á sì dilẹ̀. Ọ̀pẹ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń kọ láti ìgbà pípẹ́, igi obì, igi ìyeyè, kò sí èyí tí wọ́n ń bi pé ta ló gbìn ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni fẹ́ǹsì, lẹ́yìn fẹ́ǹsì ni géètì, lẹ́yìn géètì ni wọ́n á to ìńtálọ́ọ̀kì láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó bá wá di oṣù Kejì, tí oòrùn ń ta ìńtálọ́ọ̀kì, tí inú ilé ń gbóná bí ààrò, ni onílé á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé igi dára. Á lọ bá àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, á ra méjì nínú èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní masquerade, á gbin ọ̀kan sí ọ̀tún géètì, ọ̀kan sí òsì. Ó parí.

Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Igi masquerade ní ìwúlò tirẹ̀. Ìhà Íńdíà àti Sri Lanka ló ti wá, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yára ga, kì í bá èèyàn du àyè. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn ni igi tí kì í yára. Ẹni tó ní hááfù pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo láyé yìí, ṣé ó yẹ kó gbin igi tó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ má jẹ nínú èso rẹ̀? Bí kò bá sì gbìn ín, ṣé ó jẹ ẹnì kan ní gbèsè? Ta ni onítọ̀hún?

Ẹ jẹ́ ká fi orógbó ṣe àpẹẹrẹ, torí pé gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun la máa ń mú jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí a ó ní kí ọmọ gbó, kó tọ́. Òun la fi ń bọ Ṣàngó, tí kì í gba obì. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti fojú rí igi rẹ̀ rí? Bí ẹ bá ri kóró orógbó mọ́lẹ̀ lónìí, oṣù mẹ́fà lè kọjá kó má tíì yọjú, òmíràn tiẹ̀ máa ń ju ọdún kan lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbìn máa ń bó èèpo ara kóró náà, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kó lè tètè jí. Bó bá sì hù tán, ìdúró ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó lè gba ọdún 10, nígbà mìíràn ọdún 15, kó tó so. Èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó sì ń dín kù, torí pé kì í ṣe èso rẹ̀ nìkan là ń jẹ: à ń gé e ṣe orin, à ń bó èèpo igi rẹ̀ fún àgbo, à ń wú gbòǹgbò rẹ̀. IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó lè pa run, ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Ohun tí a fi ń súre ẹ̀mí gígùn fún ọmọ, ẹ̀mí tirẹ̀ gan-an ń kúrú.

Ọdún 15! Láàárín ọdún 15, ayálégbé ní Magboro lè ti kó ilé lẹ́ẹ̀márùn-ún, kó ti ṣègbéyàwó, kó ti jápa, kó sì ti padà wálé wá ṣe ìsìnkú bàbá rẹ̀.

Orógbó nìkan kọ́ ló ń lọ́ra. Lórí àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà Àríwá, láti Alaska lọ dé California, igi kan wà tó ń jẹ́ mountain hemlock. Yìnyín máa ń bò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, ó sì lè lo ju 500 ọdún láyé. (Kì í ṣe hemlock tí wọ́n fi pa Socrates ní Athens ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù o. Ìyẹn ewéko olóró ni, orúkọ lásán ló pa wọ́n pọ̀.) Àwọn kan níbẹ̀ máa ń gbìn ín sí ọgbà ilé wọn, ìlọ́ra rẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń fẹ́, torí pé igi tí kò yára ga kò ní yára di wàhálà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ lọ sí náṣìrì èyíkéyìí lójú ọ̀nà Mowe, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń tà á máa sọ ni pé, “Èyí ò ní pẹ́ so.” Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ó mọ ohun tó wà lọ́kàn wa ni.

Kí ló wá dé tí a ò fẹ́ dúró? Àwọn àgbà kan á sọ pé ẹni tó bá gbin irú igi bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ so ni onítọ̀hún ń kú. Mo ti gbọ́ ọ nípa obì, mo ti gbọ́ ọ nípa àgbọn, mo sì ti gbọ́ ọ nípa orógbó. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i tẹ́lẹ̀, títí mo fi jókòó ṣírò rẹ̀. Ta ló sábà máa ń ráyè gbin igi tó ń lọ́ra? Àgbàlagbà ni, ẹni tó ti kọ́lé tán, tí ọmọ ti kúrò nílé, tó wá ń wo ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá gbin igi ọlọ́dún 15 nígbà tó wà ní ẹni 60 ọdún, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ikú òun àti èso igi bá pàdé lójú ọ̀nà. Igi ò pa á. Ọjọ́ orí ló pa á, wọ́n kàn rí igi dì í rù ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà nínú èèwọ̀ yẹn tí a ò gbọ́dọ̀ fi rẹ́rìn-ín: igi tó ń lọ́ra máa ń wọn ayé èèyàn fún un. Ẹni tó bá ri kóró yẹn mọ́lẹ̀ á ní láti ṣírò iye ọdún tó kù fún òun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ ìṣírò yẹn, wọ́n yáa ra masquerade.

Ìdí kejì lágbára ju ìyẹn lọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ Yorùbá, igi tó máa pẹ́ kì í ṣe igi lásán, ẹ̀rí ni. Bí ẹbí kan bá fún àlejò ní ilẹ̀ láti fi dáko, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ó lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ gbin kòkó, obì tàbí ọ̀pẹ, ó ní láti gba àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọ́n fi ilẹ̀ dúró fún nítorí gbèsè. Àgbàdo á ti kúrò nílẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, igi obì á wà níbẹ̀ títí ọmọ àlejò á fi dàgbà, tí á sì sọ pé, “Bàbá mi ló gbin èyí.” Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Pèrègún tí wọ́n ń gbìn sí ààlà oko, iṣẹ́ ẹ̀rí náà ló ń ṣe. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní ọdún 1976, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n kà tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kó ti máa ṣe ohun tí onílẹ̀ ń ṣe lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 jáde, òun náà sì mọ̀ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ó yẹ kí ohun ọ̀gbìn tó wà lórí rẹ̀ ní owó.

Ẹ wá fi ojú yẹn wo Magboro. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ló wà, oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó di pé ìlú Èkó kún, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ kọjá Long Bridge lórí odò Ògùn wá síbí láti wá ilé tí owó wọn ká. Ẹbí gé ilẹ̀, ẹbí tà á. Igi tí kátápílà wó lórí pulọ́ọ̀tì yẹn, ẹnì kan ló gbìn ín, ẹnì kan ló ti dúró de èso rẹ̀ rí. Ẹni tó ra ilẹ̀ kò jalè, ó sanwó, ó gba rìsíìtì, ó tún san owó àwọn ọmọ onílẹ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Síbẹ̀, nígbà tó wó ọ̀pẹ yẹn, ẹ̀rí ló wó. Ó sì mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ara ìdí tí wọ́n fi máa ń wó gbogbo rẹ̀ pátá nìyẹn, kì í ṣe nítorí ejò nìkan.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa gbígbin igi bí ẹni pé inú rere lásán ni. Láàárín wa, ẹni tó gbin igi tó máa pẹ́ ń sọ pé, “Èmi náà wà níbí.” Ayálégbé ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó háyà rúùmù kan àti pálọ̀ ní Magboro lọ bá lándíláàdì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbin igi kan sí ẹ̀yìnkùlé.”

“Igi kí ni?”

“Orógbó ni, sà.”

“Orógbó ké? Ṣé o fẹ́ jogún mi ni?”

Bàbá yẹn rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbin igi náà. Ká ní ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló bèèrè fún, bóyá bàbá á tiẹ̀ ní kó já díẹ̀ wá fún òun. Àwàdà kọ́ ni bàbá ń ṣe. Àṣà tó dàgbà ju bàbá àti ọ̀rẹ́ mi lọ ló gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ayálégbé sílẹ̀ ná. Ẹni tó ni ilẹ̀ ńkọ́, tí ìwé rẹ̀ pé? Ta ló jẹ ní gbèsè? Èsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fún mi ni “àwọn ọmọ wa,” tàbí “àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.” Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ẹni tí wọn ò tíì bí, ibo ló wà? Báwo ni èèyàn ṣe ń jẹ ẹni tí kò sí ní gbèsè? Yorùbá ní èsì kan sí èyí: Babátúndé, Yétúndé. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í ṣe àjèjì, ẹni tó ti lọ ló ń padà bọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, bàbá tó gbin orógbó lónìí lè padà wá jẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọmọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí, àbí?

Kò tíì parí. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú ọ̀nà tí a wà yìí kì í ṣe ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ń wàásù pé bàbá èèyàn ń padà wá. Prayer City wà nítòsí wa, Redemption City wà níwájú, mọ́ṣáláṣí sì pọ̀ ní àdúgbò. À ń sọ ọmọ ní Babátúndé lọ́jọ́ kẹjọ, bí ẹnì kan bá sì bi wá bóyá a gbà á gbọ́, a ó ní àṣà lásán ni. Èkejì ni pé bí bàbá bá tiẹ̀ máa padà wá, ta ló sọ fún un pé Magboro ni wọ́n máa bí i sí? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Manitoba. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: ó sọ igi gbígbìn di kóló. Ẹni tó ń gbìn ín nítorí pé òun fúnra rẹ̀ á padà wá jẹ ẹ́, owó ara rẹ̀ ló ń tọ́jú. Kò sí ohun tó burú nínú owó títọ́jú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń wá nìyẹn.

Àpèjúwe tí mo fẹ́ràn jù fún ọ̀rọ̀ yìí ni àjọ. Ẹ wo ẹni tó wà nínú àjọ, tí wọ́n gbé owó fún ní oṣù àkọ́kọ́, tó sì dáwọ́ dúró, tí kò dá mọ́. A ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sì dára. Gbogbo wa la ti kó àjọ igi. Agbálùmọ̀ tí à ń rà nígbà ọyẹ́, máńgòrò tí a fi òkò já nígbà tí a wà ní pírámárì, iboji igi odán tí àwọn ìyá ń jókòó tà sábẹ́ rẹ̀ ní ọjà àtijọ́, a ò gbin ìkankan níbẹ̀. A kó o tán, à ń sá lọ. Mo mọ̀ pé àpèjúwe náà tiro lẹ́sẹ̀ kan. Ẹni tó wà nínú àjọ fi ẹnu ara rẹ̀ gbà láti dá a, àwa ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Ẹni tó gbé owó fún wa ti kú, ẹni tó kù tó yẹ ká gbé fún kò tíì dé. Lábẹ́ òfin, kò sí gbèsè níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìtìjú, mo sì rò pé ìtìjú ń ṣiṣẹ́ níbi tí gbèsè kò ti lè ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ dáadáa, láti ẹnu Ànábì: bí ayé bá ń parẹ́ lọ, tí ọ̀kan nínú yín sì mú ọ̀dọ́ igi lọ́wọ́, bó bá lè gbìn ín, kó gbìn ín. Mo ti rò ó títí. Ẹni tó ń gbin igi nígbà tí ayé ń parẹ́ kò ní ọmọ-ọmọ tó máa jẹ ẹ́, kò ní iboji tí ẹnikẹ́ni máa jókòó sí. Gbogbo èrè ni wọ́n ti yọ kúrò nínú rẹ̀, síbẹ̀ àṣẹ náà dúró. Ìyẹn ni pé ìwúlò rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni tó máa jẹ nìkan. Ó wà nínú bí ẹni tó gbìn ín ṣe di ilẹ̀ mú. Ẹni tó fi kọnkéré bo ilẹ̀ pátá, tí kò fi ihò kan sílẹ̀ fún gbòǹgbò, ń hùwà bí ẹni pé òun ni èèyàn ìkẹyìn tó máa gbé ibẹ̀. Irọ́ sì ni. Orúkọ mélòó ni ilẹ̀ yẹn ti jẹ́ kó tó jẹ́ tirẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi lọ gbin ìrókò sí hááfù pulọ́ọ̀tì. Pulọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ìdajì rẹ̀ ni hááfù, nínú ìdajì yẹn ni ilé, kànga tàbí borehole, soakaway àti ibi tí mọ́tò máa dúró sí wà. Ìrókò lè ga tó mítà 50. Gbòǹgbò rẹ̀ á gbé fẹ́ǹsì, ẹ̀ka rẹ̀ á wó lé òrùlé ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí ìjì bá jà, nígbà náà sì ni ó ti pẹ́ jù láti pẹ̀ka rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe rere fún ẹni tí wọn ò tíì bí, tó wá ń fọ́ ògiri ẹni tó wà láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò mú téèpù dání láti wọn ilẹ̀. Ìrókò fúnra rẹ̀ kò tiẹ̀ fẹ́ irú ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ igbó ti gbìyànjú láti gbìn ín ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Phytolyma ń sọ ewé tuntun rẹ̀ di kókó, ọ̀pọ̀ sì ń kú. Ó máa ń ṣe dáadáa jù níbi tó bá ti dà pọ̀ mọ́ igi mìíràn. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ilé ìwé, ilẹ̀ tí CDA fi sílẹ̀ fún àdúgbò, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́, bí a bá lè rí ilẹ̀ àdúgbò tí ẹnì kan kò tíì tà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1977, nígbà tí Wangari Maathai bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó di Green Belt Movement ní Kenya, igi méje péré ni wọ́n gbìn, pápá ìta gbangba kan ní Nairobi ni wọ́n sì gbìn ín sí. Púpọ̀ nínú méje yẹn kú. Èyí tún mi nínú ju Ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún un ní 2004 lọ. Èkó náà ní ọjọ́ igi gbígbìn tirẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù Keje, láti 2008. Gómìnà máa ń wá, wọ́n máa ń ya fọ́tò. Ta ló ń bomi rin ín ní oṣù Kejìlá? Ìbéèrè tó kù nìyẹn, kì í sì í wọ inú fọ́tò.

Orógbó ní tirẹ̀ kì í ga bí ìrókò, ewé rẹ̀ máa ń ṣú, iboji rẹ̀ máa ń tutù. Igun kan lẹ́yìn ilé, tó jìnnà díẹ̀ sí soakaway, á gbà á. Onílé tó bá ní irú igun bẹ́ẹ̀, tó sì fi ìńtálọ́ọ̀kì bò ó nítorí kó lè mọ́ lójú, mi ò ní pè é ní ẹni burúkú. Mo kàn máa ń wo igun yẹn nígbà tí mo bá lọ kí i, ojú á sì máa tì mí fún un díẹ̀. Ayálégbé, ní tirẹ̀, kò jẹ̀bi ohunkóhun. Èèyàn kò lè gbin igi sí orí ilẹ̀ tí wọ́n lè lé e kúrò lórí rẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tí lándíláàdì rẹ̀ bi léèrè ọjọ́ kìíní kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn bíríkìlà ti lò fọ́, ó lu ihò sí ìdí rẹ̀, ó kó yẹ̀pẹ̀ sí i, ó ri kóró mẹ́ta síbẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án kí ọ̀kan ṣoṣo tó hù. Ó ti bá a kó ilé lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà, ó jókòó sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá láàárín gáàsì àti bẹ́ẹ̀dì. Ewé mẹ́jọ ló ní báyìí. Ṣùgbọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè gbà á títí láé, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń yọ nídìí. Ó ń wá ẹni tó nílẹ̀ ní ìhà Magboro tàbí Ibafo, tí kò ní bi òun bóyá òun fẹ́ jogún rẹ̀.